Àpótí Orúkọ Ṣáájú Ìràwọ̀: Bí A Ṣe Ń To Ojú Ewé Àyẹ̀wò Fíìmù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa mẹ́ta la fẹ́ dá magasíìnì Yorùbá kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Oṣooṣù ni yóò máa jáde, a sì ti ya ojú ewé méjì sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò fíìmù. Mo kó magasíìnì òyìnbó bíi mélòó kan jọ láti fi ṣe àwòkọ́ṣe, mo sì rí i pé wọ́n jọra: àwòrán ńlá kan lókè, àpótí kékeré tí orúkọ kún inú rẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti gbólóhùn kan tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sáàárín. Ta ló fi òfin yìí lélẹ̀? Èwo ló pọn dandan ká mú, èwo la lè jù sílẹ̀? Ẹni tó ń bá wa to ojú ewé ní ká ṣáà ti fi ìràwọ̀ márùn-ún síbẹ̀, nítorí òun làwọn èèyàn máa ń wò. (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ìdáwọ́lé. Kò sí ẹni tó fi òfin kankan lélẹ̀. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn nǹkan tí o rí wọ̀nyẹn ti wá. Inú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan ní New York ni ìràwọ̀ ti jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò tíátà àti àwọn tó ń fi fíìmù kọ́ni ni àpótí orúkọ ti wá. Ní ti àwòrán ńlá, àwọn tó ń pín fíìmù kiri sinimá ló máa ń kó fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tó bá sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń to ojú ewé ló máa lò. Ojú ewé kan náà ni gbogbo wọn wá pàdé sí, ọdún gorí ọdún, ojú òǹkàwé sì mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n wọn kò wúlò bákan náà. Èyí tó wúlò nínú wọn ni èyí tó ń fi ààlà sáàárín ohun méjì: ohun tó dájú nípa fíìmù, àti ohun tí ẹni tó wò ó rò nípa rẹ̀. Orúkọ ẹni tó darí fíìmù kò ní àríyànjiyàn nínú. Bóyá ó mọ̀ ọ́n darí, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò wà. Ojú ewé tó dára máa ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí yóò ti rí ti àkọ́kọ́ àti ibi tí yóò ti rí ìkejì kó tó ka ìlà kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìdáhùn mi ní ṣókí rèé: ẹ fi gbogbo agbára yín sí àpótí orúkọ, kí ẹ sì fi ìràwọ̀ sílẹ̀. Màá ṣàlàyé ìdí, torí mo mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín to ojú ewé máa béèrè.

Magasíìnì tí mo máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ báyìí ni Monthly Film Bulletin ti Lọ́ńdọ̀nù. British Film Institute, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù ní Bìrìtìkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1934. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di 1991, nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ magasíìnì Sight and Sound, tó ti wà nílẹ̀ láti 1932. A kò lè pè é ní magasíìnì tó lẹ́wà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, àwòrán rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ń to àyẹ̀wò kan: àkọlé fíìmù lókè, orílẹ̀-èdè tó ti wá àti ọdún tí wọ́n ṣe é tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìpínrọ̀ kan tí lẹ́tà rẹ̀ rí wínníwínní: ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù, ilé iṣẹ́ tó pín in, olùdarí, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó ya àwòrán, ẹ́dítọ̀, olórin, àti àwọn òṣèré pẹ̀lú orúkọ ẹ̀dá ìtàn tí oníkálukú wọn ṣe. Ìgékúrú ni wọ́n fi ń kọ ipò kọ̀ọ̀kan kí àyè lè gbà á. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e máa ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kì í sì í fi òpin rẹ̀ pa mọ́. Ẹ̀yìn méjèèjì ni èrò aṣàyẹ̀wò tó ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń kọ gígùn fíìmù lọ́nà méjì, ní ìṣẹ́jú àti ní ẹsẹ̀ bàtà. Ìdí wà fún un. Fíìmù onímílímítà 35 tó ń sáré ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí ni pé fíìmù oníṣẹ́jú 90 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8,100. Bí ẹ̀dà tí aṣàyẹ̀wò wò bá jẹ́ 7,650, ìṣẹ́jú márùn-ún ti sọnù nínú rẹ̀: ẹnì kan ti fi àlùmọ́gàjí kàn án lójú ọ̀nà kó tó dé sinimá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ìpínrọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá ló tú àṣírí yẹn.

Lónìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń wá ẹni tó ya àwòrán fíìmù kékeré kan tó dé sinimá Lọ́ńdọ̀nù ní 1953, fíìmù tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́, inú ìpínrọ̀ lẹ́tà wínníwínní yẹn ni yóò ti rí i. Ohun tí aṣàyẹ̀wò rò nípa fíìmù náà nígbà yẹn lè má bá wa lára mu mọ́. Orúkọ tó kọ sílẹ̀ kò gbó.

Ọ̀rọ̀ tiwa wá rèé, òun náà ló sì ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí a wò lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti lórí síídì kò sí níbì kankan mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ti hu, síídì ti ha, ilé iṣẹ́ tó tà wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Àwọn òṣèré ńlá la rántí. Ta ló di kámẹ́rà mú? Ta ló gba ohùn sílẹ̀ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀? Ta ló wá aṣọ òfì tí ọba inú fíìmù náà wọ̀? Orúkọ wọn sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé ti ń dìde láti lọ sùn. Tí magasíìnì yín bá kọ wọ́n sílẹ̀ lóṣooṣù, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, ẹ ó ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ìtàgé máa máa tọ́ka sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fẹ́ kí èyí wọ̀ yín lọ́kàn kí ẹ tó máa ronú nípa àwọ̀ tàbí ìràwọ̀.

Kí ló yẹ kó wà nínú àpótí náà? Àkọlé fíìmù, bí ó ṣe wà gan-an lójú fíìmù, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí pósítà, torí pósítà máa ń ju àmì ohùn nù. Ọdún. Olùdarí, olóòtú (ìyẹn puródúsà), ẹni tó kọ eré, ẹni tó ya àwòrán, ẹ́dítọ̀, ẹni tó gba ohùn, olórin, ẹni tó bójú tó aṣọ, ẹni tó ṣe mékọ́ọ̀pù. Àwọn òṣèré, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n jẹ́ nínú ìtàn. Èdè tí wọ́n sọ, àti bóyá ìtumọ̀ wà lábẹ́ àwòrán, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa fẹ́ mọ̀. Iye ìṣẹ́jú, ti apá kìíní lọ́tọ̀, ti apá kejì lọ́tọ̀ bí fíìmù náà bá pín sí méjì. Ọjọ́ orí tí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, ìyẹn NFVCB, ní ó tọ́ sí. Òfin ọdún 1993 ló dá àjọ náà sílẹ̀, ìsọ̀rí rẹ̀ sì wúlò fún òbí tó ń ka magasíìnì yín: G jẹ́ ti tọmọdé tàgbà, nígbà tí 18 jẹ́ ti àgbàlagbà nìkan.

Kí ẹ wá fi ohun kan kún un tí mo kọ́ lára ìwé ìròyìn Variety. Sime Silverman ló dá a sílẹ̀ ní New York ní 1905, fún àwọn tó ń fi tíátà ṣe òwò. Onísinimá tó wà ní ìgbèríko ló ń kà á láti mọ̀ bóyá kí òun gba fíìmù kan wọlé, nítorí náà kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ tí kò dájú. Iye ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ wà. Ibi tí aṣàyẹ̀wò ti wo fíìmù náà àti ọjọ́ tó wò ó gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Àwọn aṣàyẹ̀wò wọn ìgbà náà kì í kọ orúkọ ní kíkún, orúkọ kúkurú ni wọ́n fi ń bu ọwọ́ lu iṣẹ́ wọn. “Sime” ni olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ sísàlẹ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti wò ó yẹn ni kí ẹ mú. Ẹ̀dà fíìmù tó wà ní sinimá lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbé sórí YouTube lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọ́n lè ti yọ orin kan tàbí kí wọ́n ti fi ìpolówó há a láàárín. Kọ ọ́ síbẹ̀: “A wò ó ní sinimá ní Ìbàdàn, oṣù Kẹta.” Gbólóhùn kan ti tó.

Níbo ni kí àpótí náà wà? Ìsàlẹ̀ òpó ọ̀rọ̀ (kọ́lọ́ọ̀mù) tó wà ní ìta ni mo fẹ́ràn jù, níbi tí àtàǹpàkò òǹkàwé máa ń wà bó bá ń ṣí ìwé. Lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ti àròkọ, kó sì jẹ́ oríṣi lẹ́tà mìíràn. Bí àròkọ bá jẹ́ lẹ́tà onírù, èyí tó ní ìlà tínínrín ní orí àti ẹsẹ̀, kí àpótí jẹ́ lẹ́tà tí kò ní ìrù. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan ló ń sọ fún ojú pé ibi ọ̀tọ̀ nìyí. Kò pọn dandan kí ẹ fi ìlà yí i ká tàbí kí ẹ fi àwọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ibi kan náà ni kó sì máa wà lóṣooṣù. Òǹkàwé tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbẹ̀ kò ní wá a mọ́.

Àwọn kan wà tí kò lo àpótí rárá, iṣẹ́ wọn sì dára. Magasíìnì The New Yorker, tó ti wà láti 1925, kì í fún fíìmù ní ìràwọ̀, kì í sì í to orúkọ sínú àpótí. Abẹ́ àkọlé kan tí wọ́n ń pè ní “The Current Cinema” ni àròkọ náà máa ń wà, àwọn ayàwòrán ló sì máa ń fọwọ́ ya àwòrán tó bá a lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìparí àròkọ ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́ máa ń wà. Pauline Kael, aṣàyẹ̀wò fíìmù wọn, tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1968 tó sì fẹ̀yìn tì ní 1991, a máa kọ ojú ewé lórí ojú ewé lé fíìmù kan. Ẹni tó bá ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lè pín orúkọ sínú àròkọ díẹ̀díẹ̀, kó máa fi orúkọ òṣèré sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ ẹ̀dá ìtàn. Ojú ewé méjì péré lẹ ní. Bí ẹ bá kó orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú ìpínrọ̀ mẹ́rin, àròkọ náà kò ní ṣeé kà.

Ìràwọ̀ ńkọ́? Ní oṣù Keje 1928, Irene Thirer, tó ń kọ àyẹ̀wò fíìmù fún Daily News ní New York, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sí i. Mẹ́ta ló pọ̀ jù. Mẹ́ta ni pé fíìmù náà dára gan-an, méjì ni pé ó dára, ọ̀kan ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan, bí kò bá sì sí ìràwọ̀ kankan, fíìmù náà burú. Ìwé ìròyìn tí èèyàn lè ká sọ́wọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin tó há gádígádí ni Daily News, àwọn tó ń kà á kò sì ní àsìkò púpọ̀. Ìràwọ̀ bá wọn mu. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Roger Ebert, aṣàyẹ̀wò fíìmù ní Chicago, lo mẹ́rin nígbà ayé rẹ̀. Magasíìnì Empire, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtìkó ní 1989, ń lo márùn-ún. Entertainment Weekly, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1990, fi ìràwọ̀ sílẹ̀, ó mú A, B, C bí olùkọ́ tó ń ṣe máàkì ìdánwò.

Wo ohun tí èyí dá sílẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta ní 1928 ni oyè tó ga jù. Lọ́wọ́ Ebert, fíìmù tó dára ni. Lọ́wọ́ àwọn kan tó ń lo márùn-ún, kò gbóná kò tutù ni. Àmì kan náà, ìtumọ̀ mẹ́ta. Metacritic, ìkànnì ayélujára tó ń kó àyẹ̀wò jọ láti fi ṣírò máàkì, tún ń gbé nọ́ńbà lé àyẹ̀wò tí ẹni tó kọ ọ́ kò fún fíìmù náà ní nọ́ńbà kankan. Wọ́n á ka àròkọ náà, wọ́n á sì pinnu iye tí wọ́n rò pé ó tó. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí aṣàyẹ̀wò bá sọ pé olùdarí mọ kámẹ́rà lò ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ rẹ́ àwọn obìnrin inú rẹ̀ jẹ, iye wo lèyí? Ohun méjì ló sọ, kò sì sí nọ́ńbà tó lè gbé méjèèjì.

Ìdí mìíràn kan àwọn oníṣẹ́ fíìmù wa ní tààràtà. Ìràwọ̀ máa ń kúrò lójú ewé yín lọ sórí pósítà. Bí ẹ bá fún fíìmù kan ní mẹ́rin, ẹ ó rí i lórí Instagram olóòtú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, láìsí ọ̀rọ̀ kan nínú àròkọ yín. Bí ẹ bá fún un ní méjì, ìpè fóònù máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹni tó ń kọ àyẹ̀wò á ti máa ro ìràwọ̀ kó tó ro ọ̀rọ̀.

Bí ẹni tó ń to ojú ewé bá takú pé ojú òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí àmì kan, ọ̀nà méjì wà tí mo lè bá yín fọwọ́ sí. Ọ̀kan ni ti magasíìnì fíìmù Cahiers du cinéma, tí André Bazin, Jacques Doniol-Valcroze àti Lo Duca dá sílẹ̀ ní Paris ní 1951. Ní àwọn ọdún 1950 yẹn, wọ́n ń tẹ táblì kan tí wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́wàá. Orúkọ fíìmù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, orúkọ alámèyítọ́ mẹ́wàá wà lókè, oníkálukú sì fi àmì tirẹ̀ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Àmì dúdú kan ni pé kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu lọ wò ó. Ìràwọ̀ kan ni pé o lè wò ó bí o bá fẹ́, méjì pé kí o wò ó, mẹ́ta pé o kò gbọdọ̀ má wò ó, mẹ́rin pé iṣẹ́ àrà ni. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé àríyànjiyàn hàn. O máa rí fíìmù kan tí ẹnì kan fún ní mẹ́rin tí ẹnì kejì fi àmì dúdú sí, o sì máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé èrò ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta lè bẹ̀rẹ̀ táblì bẹ́ẹ̀ láàárín ara yín, kí ẹ pe ẹni méjì kún un láti òde.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle. Ní 1942, Warren Goodrich ya ọkùnrin kékeré kan tó jókòó ní sinimá fún wọn. Bí fíìmù bá dára gan-an, ọkùnrin náà á fò sókè kúrò lórí àga, á máa pàtẹ́wọ́. Bó bá dára, á jókòó pàtẹ́wọ́. Bó bá ṣeé wò, á jókòó jẹ́ẹ́, á máa wòran. Bó bá súni, á ti sùn lọ. Bó bá burú, àga nìkan lo máa rí, ọkùnrin náà ti lọ. Ebert fúnra rẹ̀, tó ń fún fíìmù ní ìràwọ̀ lójoojúmọ́ ayé, kọ ọ́ pé nínú gbogbo ètò àmì tó wà, ti ọkùnrin kékeré yìí nìkan ló bọ́gbọ́n mu. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin náà ń sọ ohun tí fíìmù ṣe sí ẹnì kan. Kò ṣe bí ẹni tó wọn fíìmù lórí ìwọ̀n. Ẹ ní ayàwòrán ní Ìbàdàn tó lè ya ìyá kan tó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ó kan àwòrán. Fọ́tò tí o rí nínú magasíìnì òyìnbó kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n gé láti inú fíìmù. Wọ́n máa ń gba ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ya fọ́tò lórí lokéṣọ̀n, nígbà ìdánrawò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya ìran kan tán, kí ilé iṣẹ́ fíìmù lè rí ohun fi ránṣẹ́ sí oníròyìn. Níbí, pósítà ni wọ́n sábà máa fi ránṣẹ́ sí ọ: orí òṣèré mẹ́wàá, iná, owó, ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú àwòrán kan. Má tẹ pósítà bí àwòrán àyẹ̀wò. Ìpolówó ni, ó sì ń sọ ohun tí ẹni tó ń ta fíìmù fẹ́ kí a rò. Bèèrè fọ́tò lokéṣọ̀n. Bí kò bá sí, gé àwòrán láti inú fíìmù, ṣùgbọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwòrán onípíksẹ́lì 1920 sí 1080, bí o bá fẹ́ kó jáde dáadáa ní píksẹ́lì 300 sí ínṣì kan, kò lè fẹ̀ ju ínṣì 6.4 lọ. Ìwé A4 sì fẹ̀ ju ínṣì 8 lọ. Nítorí náà, àwòrán bẹ́ẹ̀ kò lè bo ojú ewé kan láti etí dé etí láìṣe pé ó ṣú. Jẹ́ kó gba òpó méjì nínú mẹ́ta, ó máa mọ́ kedere. Má sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè wọ àyè: bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó jẹ́ ìpinnu olùdarí àti ẹni tó di kámẹ́rà mú.

A tún ní àpẹẹrẹ tiwa. Ní òpin àwọn ọdún 1960 ni magasíìnì Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré alárìnjó Yorùbá, fọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sì wà nínú fọ́tò náà. Ojú òǹkàwé Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń ka ìtàn láti inú fọ́tò tó tò tẹ̀ léra. Ẹ fi fọ́tò kékeré mẹ́ta láti inú ìran kan ṣoṣo tò sókè ojú ewé, ìran tí aṣàyẹ̀wò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àròkọ, kí òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ ẹ̀sùn tàbí ìyìn wò. Abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ má kọ ẹ̀fẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́tà wá jẹ́ ibi tí magasíìnì òyìnbó kò ti lè ràn yín lọ́wọ́ rárá. Ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀, tó ní àmì sísàlẹ̀ àti àmì ohùn sókè, kò ní. Kọ̀ǹpútà ní láti gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ni kò sì mọ ibi tó yẹ kó gbé e lé. Àmì á yà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó ti inú fọ́ǹtì mìíràn wá. Gentium, Charis SIL àti Noto Serif mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fi gbólóhùn tí gbogbo àmì wà nínú rẹ̀ dán fọ́ǹtì yòówù wò kí ẹ tó san owó lé e. Àlàfo láàárín ìlà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àmì sísàlẹ̀ ìlà kan àti àmì òkè ìlà tó tẹ̀ lé e ń sún mọ́ra. Fún lẹ́tà oníwọ̀n póìntì 9.5, ẹ fi ìlà sí póìntì 13 tàbí 13.5. Àkọlé tí ẹ fi kìkì lẹ́tà ńlá (A, B, D) kọ ló léwu jù. Bí ìlà méjì bá wà nínú rẹ̀, àmì orí Ọ̀ àti Ẹ́ máa gún ìlà òkè. Lẹ́tà kékeré (a, b, d) ni kí ẹ fi kọ àkọlé, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà funfun tínínrín kọ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán dúdú. Lórí bébà tí owó wa ká, tádáwà máa ń ṣàn díẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ ń dí ni àmì sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa kúrú, nítorí náà òpó mẹ́ta lórí A4 bá Yorùbá mu dáadáa, kò sì sí ìdí láti gé ọ̀rọ̀ sí méjì ní ìparí ìlà.

Ìyókù kò gùn. Àkọlé fíìmù ni kó tóbi jù, kí àkọlé àròkọ kéré sí i. Orúkọ ẹni tó kọ àyẹ̀wò wà lókè kí àròkọ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èrò gbọ́dọ̀ ní olówó. Ìtàn fíìmù ní ìpínrọ̀ kan, ẹ dúró níbi tí ìdajì rẹ̀ parí sí, àyàfi bí ẹ bá kọ́kọ́ kìlọ̀. Gbólóhùn onílẹ́tà gàdàgbà tó wà láàárín, ẹ mú un láti inú àròkọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ má tún un kọ kó lè dùn. Bí àròkọ bá yin fíìmù tó sì tún bá a wí, gbólóhùn náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó yìn ín nìkan. Ìpolówó fíìmù tí ẹ ń yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ wà lójú ewé méjèèjì yẹn láé, iye yòówù kí olóòtú rẹ̀ fẹ́ san. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìwé.

Kí ẹ tó tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́, ẹ tẹ ojú ewé méjì náà nìkan sórí bébà tí ẹ máa lò gan-an, kí ẹ fún ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ yín. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ya àwòrán fíìmù yìí, ìṣẹ́jú mélòó ni, kí ni ẹni tó kọ àyẹ̀wò rò nípa rẹ̀? Bí wọ́n bá dáhùn méjì àkọ́kọ́ láìṣẹ̀ṣẹ̀ wá a kiri, tí wọ́n sì ní láti jókòó ka àròkọ kí wọ́n tó dáhùn ẹ̀kẹta, ẹ gbé e fún onítẹ̀wé.